Bàbá Tó Ń Jíhìn Ọmọ Rẹ̀ fún Àlejò

Bí mo ṣe wọ yàrá náà, ọkùnrin kan dìde lórí àga fún mi. Ewú orí rẹ̀ ju tèmi lọ dáadáa. Ó ṣí fìlà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ọwọ́ mi, ó sì tẹrí ba. Èmi tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Yorùbá, tí wọ́n ti kọ́ ní ìdọ̀bálẹ̀ kí n tó mọ ìwé kà, mo dúró gbọn-in, mo gba ìkíni àgbàlagbà bí ẹni pé ẹ̀tọ́ mi ni. Kì í ṣe pé mo gbàgbé ẹ̀kọ́ ilé. Orúkọ mìíràn ni mo jẹ́ dé ibẹ̀: onígbọ̀wọ́, ẹni tó ń fi pọ́n-ùn 25 ránṣẹ́ lóṣooṣù láti Lọ́ńdọ̀nù fún ẹ̀kọ́ ọmọ ọkùnrin náà. Orúkọ yẹn ti gùn mí kí n tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀.

Abúlé kan tí kò jìnnà sí Kisumu ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, ní ilẹ̀ àwọn Luo, ní ìhà ibi tí adágún omi Victoria ti kan orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà. N kò ní dárúkọ ọmọ náà, n kò sì ní dárúkọ àjọ tó so wá pọ̀, nítorí pé ọ̀kan lára ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé orúkọ àti ojú ọmọ ọlọ́mọ ti ń káàkiri jù. Ọmọ ọdún 11 ni. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń san owó náà, fọ́tò mẹ́rin ni wọ́n sì ti fi ránṣẹ́ sí mi, ẹyọ kan lọ́dún. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òun nìkan ló dá dúró níwájú ògiri. Kò sí bàbá, kò sí ìyá, kò sí àbúrò, kò sí ewúrẹ́ pàápàá. Ẹni tó bá rí fọ́tò náà lára fìríìjì mi yóò rò pé ilẹ̀ ló lanu tó pọ ọmọ náà jáde.

Inú ọgbà iléèwé ni wọ́n ti gbà mí lálejò. Àwọn ọmọ kọrin káàbọ̀. Lẹ́yìn orin, bàbá náà tú ọ̀rá dúdú kan, ó yọ káàdì èsì ìdánwò ọmọ rẹ̀ jáde, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí mi. Ipò kẹrìnlá ni ọmọ náà gbà. Bàbá wá bẹ̀rẹ̀ àlàyé, òṣìṣẹ́ àjọ náà, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó mọṣẹ́ rẹ̀, sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ó ní ìṣirò ló fà á sẹ́yìn. Ó ní ibà dá a dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì ní sáà náà. Ó ní òun ti lọ bá olùkọ́. Ó ní kò ní rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọmọ náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó ń wo bàbá rẹ̀ bí ó ti ń rojọ́.

Nígbà tí àlàyé parí, òṣìṣẹ́ náà ní kí ọmọ náà béèrè ohunkóhun tó bá fẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ronú pẹ́. Ó wá fi Gẹ̀ẹ́sì iléèwé béèrè bóyá n ó dá owó náà dúró bí òun bá fìdí rẹmi. Mo ní rárá. Bàbá rẹ̀ kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ẹnu mi ló ń wò.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí a kúrò ní iléèwé, tí a dé ilé wọn, n ó sọ ọ́ tó bá yá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé ìbéèrè mi kalẹ̀, nítorí pé lásìkò ìsinmi ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn wa tó wà lókè òkun ni irú ìrìn àjò yìí ń wù. Ẹlòmíràn ń ti ọ̀nà ìjọ rẹ̀ gbọ́ bùkátà ọmọ ní Uganda tàbí ní Gánà. Ẹlòmíràn rí ìpolówó lórí tẹlifíṣàn lóru, àánú ṣe é, ó sì fọwọ́ síwèé. Nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá gbéra láti lọ fojú kan ọmọ náà, ta ni ìrìn àjò ọ̀hún wà fún?

Kò sí ẹni tó ń dédé lọ. Àjọ tó bá mọ ohun tó ń ṣe yóò kọ́kọ́ béèrè ìwé-ẹ̀rí pé ẹni náà kò lẹ́jọ́ lọ́rùn lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Òṣìṣẹ́ wọn ni yóò mú un lọ, tí yóò sì jókòó tì wọ́n títí ìbẹ̀wò yóò fi parí. Wọn kò ní jẹ́ kí òun àti ọmọ náà nìkan wà pọ̀, wọn kò ní fẹ́ kí wọ́n máa pàṣípààrọ̀ nọ́ńbà fóònù, wọ́n sì lè sọ pé ẹ̀bùn kò gbọdọ̀ kọjá ìwọ̀n kan. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ayé ti bàjẹ́ tó kí a máa ṣọ́ ọmọdé. Àmọ́ nínú gbogbo òfin tí wọ́n kà sí mi létí, kò sí ọ̀kan tó dáàbò bo bàbá ọmọ.

Bẹ́ẹ̀ sì ni, lọ́wọ́ bàbá kan ni ọ̀kan nínú àwọn àjọ wọ̀nyí ti ṣẹ̀. Ní ọdún 1937, nígbà tí ogun abẹ́lé ń jà ní Sípéènì, akọ̀ròyìn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, John Langdon-Davies, dá àjọ tí a mọ̀ lónìí sí Plan International sílẹ̀. Ìtàn tí àjọ náà fúnra rẹ̀ ń sọ ni pé ó rí ọmọkùnrin kékeré kan tí ìwé pélébé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá ọmọ náà ló kọ ọ́: ó mọ̀ pé bí ìlú Santander bá bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá, pípa ni wọn yóò pa òun, ó sì bẹ ẹni yòówù tó bá rí ọmọ náà pé kó bá òun tọ́jú rẹ̀. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí níbẹ̀rẹ̀. Bàbá ló kọ lẹ́tà, ó sì fi ọmọ rẹ̀ lé àlejò lọ́wọ́ nítorí pé ikú ń bọ̀. Lónìí, ọmọ ni wọ́n ń ní kó kọ lẹ́tà sí àlejò, bàbá tó wà láàyè a sì dúró sẹ́yìn ẹni tó ń ya fọ́tò.

Ogun náà ló bí èkejì. Ní ọdún 1952, oníwàásù ará Amẹ́ríkà kan, Everett Swanson, rí àwọn ọmọ aláìlóbìí ogun ní Kòríà, ibẹ̀ sì ni àjọ Compassion ti bẹ̀rẹ̀. (Ní ọdún 2003, Kòríà Gúúsù yìí kan náà ti di ọ̀kan lára àwọn orílẹ̀-èdè tí onígbọ̀wọ́ ti ń wá. Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún àwọn tó rò pé ipò olùtọrọ kì í yí padà.) Ní ọdún 1972, èèyàn 88 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ bùkátà ọmọ 88 ní Íńdíà àti Kẹ́ńyà, èyí ló di ActionAid. Nígbà ogun, ọmọ tó dá dúró nínú fọ́tò dá dúró lóòótọ́: wọ́n ti pa àwọn òbí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọmọ tí à ń gbọ́ bùkátà wọn lónìí ló ń gbé lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá wọn. Ọ̀ràn ti yí padà, fọ́tò kò yí padà.

Mo mọ ìdí rẹ̀. Ojú ọmọ kan ṣoṣo ló ń ṣí àpò èèyàn. Bí wọ́n bá ní kí n máa san pọ́n-ùn 25 lóṣooṣù fún omi ẹ̀rọ, fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ iléèwé àti fún owó oṣù òṣìṣẹ́ elétò ìlera, bóyá n bá ti dá a dúró lọ́dún kejì. N kò sì ní parọ́ mọ́ ètò náà pé kò wúlò. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé mẹ́ta, Bruce Wydick, Paul Glewwe àti Laine Rutledge, gbé ìwádìí jáde ní ọdún 2013 lórí èèyàn tó lé ní 10,000 ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà, tí Kẹ́ńyà wà lára wọn. Wọ́n rí i pé ìgbọ̀wọ́ àjọ Compassion fi ohun tó lé ní ọdún kan kún iye ọdún tí ọmọ ń lò níléèwé. Ọdún kan kì í ṣe nǹkan kékeré. Láti ọdún 2003 ni ìjọba Kẹ́ńyà ti mú owó iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kúrò, ṣùgbọ́n aṣọ iléèwé, bàtà àti ìwé kò tẹ̀lé e lọ́fẹ̀ẹ́. Owó mi ń ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀.

Ẹnìkan yóò wá bi mí pé: ṣé kò yẹ kí ẹni tó ń sanwó lọ fojú ara rẹ̀ rí ibi tí owó ń lọ? Ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní ọdún 1998, ìwé ìròyìn Chicago Tribune ní Amẹ́ríkà sọ ohun tí àwọn akọ̀ròyìn rẹ̀ rí nígbà tí wọ́n gbọ́ bùkátà ọmọ 12 nípasẹ̀ oríṣiríṣi àjọ, tí wọ́n sì wá àwọn ọmọ náà lọ. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin kan ní Mali, ti kú tipẹ́ kí akọ̀ròyìn tó dé. Owó ṣì ń wọlé lórúkọ rẹ̀. Nítorí náà, n kò sọ pé kí a dijú. Ohun tí mò ń sọ ni pé iṣẹ́ ayẹ̀wéwò wà fún ayẹ̀wéwò. Bí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá àjọ kan ń jalè, ìwé ìṣirò owó rẹ̀ ni kí n bèèrè, kí wọ́n sì jẹ́ kí ẹni tí kò sí lábẹ́ wọn wò ó. Ọmọ ọdún 11 kì í ṣe rìsíìtì tí èèyàn ń gbé sókè wò nínú ìmọ́lẹ̀.

Àwọn àgbà wa ní a kì í ṣoore tán kí a tún lóṣòó tì í. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, mo sì rò pé àwọn tó ń retí ẹ̀san owó ló ń bá wí. Ìgbà tí mo jókòó sínú yàrá yẹn ni mo tó rí bí ìlóṣòó náà ṣe rí: lẹ́tà ọpẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, fọ́tò lẹ́ẹ̀kan, káàdì Kérésìmesì, lẹ́yìn náà èmi fúnra mi, tí mo wọ ọkọ̀ òfuurufú fún ohun tó lé ní wákàtí mẹ́jọ láti wá lóṣòó ti oore pọ́n-ùn 25. Owó ọkọ̀ tí mo san tó owó ọmọ náà fún ọdún méjì gbáko. Mo ti ṣe ìṣirò yẹn kí n tó kúrò nílé, mo sì tún lọ.

Kí ni ọmọ náà rí gbà nínú wíwá mi? Bọ́ọ̀lù kan, ìwé àjákọ, péńsù aláwọ̀. Àwọn àbúrò rẹ̀ méjì tí kò ní onígbọ̀wọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo bọ́ọ̀lù náà. Ó sì tún rí nǹkan mìíràn gbà tí kò sí nínú àpò ẹ̀bùn: ó rí bàbá rẹ̀ tó dìde fún ẹni tó kéré sí i, ó sì mọ̀ pé nítorí òun ni. Ọmọ ọdún 11 mọ ìtumọ̀ ìyẹn. Bí ìbéèrè rẹ̀ nípa owó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀, ó hàn pé ó ti ń bá a gbé tipẹ́.

Kì í ṣe pé àwa Yorùbá kò mọ ọmọ títọ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹnìkan ní ń bímọ, igba èèyàn ní ń wò ó. Àwọn bàbá wa fi ọmọ ránṣẹ́ sọ́dọ̀ tíṣà, sọ́dọ̀ ìbátan tó rí jájẹ ní Ìbàdàn tàbí Èkó. Èmi kò ní kun àṣà yẹn lẹ́fun. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló jẹ ìyà ọmọ ọ̀dọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀ tí kò sí nínú fọ́ọ̀mù tí mo fọwọ́ sí. Bí ọdún bá yípo, bàbá ọmọ yóò gbé iṣu àti adìẹ, yóò wọ ọkọ̀ lọ kí alágbàtọ́. Òun ló ń wá, ó ń wá gẹ́gẹ́ bí òbí, kò sì wá lọ́wọ́ òfo. Àwọn méjèèjì yóò jókòó, wọn yóò sọ̀rọ̀ ọmọ náà bí ẹgbẹ́.

Ọ̀nà kejì tún wà tí ojú ẹnikẹ́ni kò sí nínú rẹ̀ rárá. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, bàbá mi wà lára àwọn ọmọ tó fẹsẹ̀ lásán wọ kíláàsì. Kò kọ lẹ́tà ọpẹ́ sí àgbẹ̀ kòkó kankan. Kò sí asanwó-orí tó wá láti Oǹdó láti wá wo ipò tó gbà nínú ìdánwò. Bí ó bá fìdí rẹmi, bàbá tirẹ̀ ni yóò bá a wí, ọ̀rọ̀ náà yóò sì parí sínú ilé. Ẹ̀tọ́ ni ìyẹn. Oore ni tèmi, ìyàtọ̀ àárín wọn ni mo sì rí lójú bàbá tó di káàdì mú yẹn. Ibi tí ìjọba bá ti ṣe ojúṣe rẹ̀, onígbọ̀wọ́ kò níṣẹ́ níbẹ̀. Ní tilé wa lónìí, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: olóṣèlú tó bá pín ìwé àjákọ mẹ́fà-mẹ́fà fún ọmọ iléèwé yóò kọ́kọ́ mú ayàwòrán mẹ́ta dání.

Àpẹẹrẹ kan wà ní Kẹ́ńyà yẹn kan náà tó ń tù mí nínú. Obìnrin Júù kan, Hilde Back, sá kúrò ní Jámánì lọ sí Sweden nígbà tí ó ṣì kéré. Àwọn òbí rẹ̀ kú sọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Hitler. Ó di olùkọ́. Nígbà tó yá, ó ń san nǹkan bí dọ́là 15 fún sáà ẹ̀kọ́ kan láti gbọ́ bùkátà ọmọ kan ní Kẹ́ńyà, kò sì lọ wò ó. Ọmọ náà, Chris Mburu, kàwé dé Harvard, ó di agbẹjọ́rò ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ó dá owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ mìíràn, ó fi orúkọ obìnrin náà sọ ọ́, òun fúnra rẹ̀ ló sì wá a kàn. Hilde Back ti di arúgbó kó tó fẹsẹ̀ tẹ abúlé ọmọ náà, àwọn ará abúlé sì fi ijó àti orin pàdé rẹ̀. Fíìmù kan jáde lórí ọ̀rọ̀ wọn ní ọdún 2010. Ọdún 2021 ni ìyá náà kú. Ohun tí mo ń tọ́ka sí nínú ìtàn yìí ni ẹni tó wá ẹnìkejì lọ. Ọmọ náà ti dàgbà, ó ti ní ẹnu tirẹ̀, ó lè pinnu pé òun fẹ́ tàbí òun kò fẹ́. Kò sí ẹni tó tò ó sórí ìlà kó kọrin.

World Vision ti gbìyànjú láti yí nǹkan díẹ̀ padà: ní ọdún 2019 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí ọmọ fúnra rẹ̀ ń fi ń wo fọ́tò àwọn onígbọ̀wọ́, tí yóò sì mú èyí tó wù ú. Ó sàn ju kí èmi máa ṣa ọmọ bí ẹni ṣa ọsàn lójú àtẹ. Ṣùgbọ́n mo ṣì ń béèrè bàbá.

Nítorí náà, ẹni tó bá bi mí pé ṣé kí òun lọ, n ó ní kó kọ́kọ́ wádìí bóyá ilé ọmọ náà ló pè é, kì í ṣe àjọ, kì í ṣe ìwé ìpolówó ìrìn àjò. Bí wọn kò bá pè é, kó máa san owó rẹ̀ kó sì dákẹ́. Bí wọ́n bá pè é, ilé ni kó lọ, kó kí òbí kó tó wo ojú ọmọ, kó fi ẹ̀bùn lé ìyá lọ́wọ́ kí ìyá pín in bó ṣe fẹ́, kó sì fi fóònù tó ń ya fọ́tò sínú àpò. Àwọn àjọ ní tiwọn lè ṣe ohun kan tí kò ná wọn ní kọ́bọ̀: kí wọ́n má gbé èsì ìdánwò ọmọ wá síwájú àlejò mọ́. Kò sí ohun tí mo fẹ́ fi ipò kẹrìnlá ṣe.

Mo sọ pé n ó dé orí ọ̀rọ̀ ilé wọn. Ọ̀sán gangan ni a débẹ̀. Bàbá náà ti ṣíwájú wa, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kò sì dìde fún ẹnikẹ́ni mọ́ nítorí ilé rẹ̀ ni. Ojú tì mí lójijì nítorí ti àárọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀. Òṣìṣẹ́ náà figbe ta, ó rò pé oòrùn ló mú mi ṣubú. Mo ṣàlàyé fún un pé bí a ti ń kí àgbà nílé wa nìyẹn, ó sì túmọ̀ rẹ̀. Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní ṣé gbogbo ará Nàìjíríà ló máa ń ṣubú báyẹn. Ó fi ibi tí n ó jókòó hàn mí. Ó gbàdúrà. Ìyàwó rẹ̀ gbé úgálì àti ẹja adágún wá; úgálì náà jọ túwó àgbàdo wa, mo sì jẹ ẹ́ bí ẹni tó ti ń wá a. Ọmọ náà gbàgbé mi pátápátá, ó ti bá àwọn àbúrò rẹ̀ lọ gbá bọ́ọ̀lù.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, bàbá náà mú àgbébọ̀ adìẹ pupa kan tí wọ́n so lẹ́sẹ̀, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo fẹ́ sọ pé kó má ṣe ìyọnu. Òṣìṣẹ́ náà wò mí lójú, mo sì gba adìẹ. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé adìẹ dé Lọ́ńdọ̀nù? Mo wá rántí àgbàsìn. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi sin adìẹ mi, pé nílẹ̀ wa, bí ó bá pamọ, alágbàsìn àti olóhun ni yóò jọ pín in. Ó bi mí bí a ó ṣe pín in. Mo ní ìdajì-ìdajì. Ó ronú sí i, ó pe ọmọ rẹ̀ kúrò nídìí bọ́ọ̀lù, ó ní òun ni yóò máa ka àwọn òròmọdìẹ náà, tí yóò sì máa kọ iye wọn sínú lẹ́tà sí mi, bóyá ìṣirò rẹ̀ a tún sunwọ̀n sí i.